Ìyá Mi Oníkòkò, Mo Rí Iṣẹ́ Yín ní Knossos

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà, ẹ kú àárò ọmọ tí ẹ kì í sọ síta. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè tó wà láàárín ibùsùn mi àti ògiri kò fi bẹ́ẹ̀ gba orúnkún méjì. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa olóògbé, ẹni tó ń bá wa mójú tó ilé ní Aguidi. Mo kí Pasikáàlì àbúrò mi, ẹni tí mo mọ̀ pé yóò ti fi etí lẹ̀ mọ́ rédíò báyìí kó má bàa sí ìlà kan tí wọ́n fò. Mo kí gbogbo ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ọjà Sakété, pàápàá Ìyá Oníke tó ń ta bàsíà àti korobá. Mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ lẹ́tà yìí. Àní torí yín ni mo ṣe bẹ àwọn tó ń ka lẹ́tà lórí rédíò ní Pobè pé kí wọ́n bá mi kà á síta.

Ìyá, ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé sórí afẹ́fẹ́. Mo lè pè yín lórí fóònù, mo sì ń pè yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àwa méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun, màá ní mo ti jẹun. Ẹ máa ní kí n máa wọ aṣọ tó nípọn, màá ní mo ń wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà rẹ́só fóònù yóò já, yóò gbé ohùn yín lọ, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò tíì wọnú fóònù rí. Ojú ọjà ni mo ti sọ ohun tí mo sọ sí yín, gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí ló sì gbọ́ ọ. Ojú mi kò gbà á kí n wá máa bẹ̀ yín ní kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Ìyá mi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Oníkòkò. Ẹ̀yìn ilé wa ní Aguidi ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò, lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ, níbi tí kòtò amọ̀ wà àti ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò. Ọwọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìkòkò omi, ìkòkò ọbẹ̀, agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, kò sí èyí tí wọn kì í mọ. Ní ọjọ́ ọjà, wọ́n á fi koríko gbígbẹ wé wọn, wọ́n á dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù zémì, wọ́n á máa pariwo mọ́ ẹni tó ń wà á láti Aguidi títí dé Sakété pé kó rọra. Owó ìkòkò ló rán èmi àti Pasikáàlì ní ilé ìwé. Mo mọ èyí dáadáa lọ́jọ́ tí mo sọ ohun tí mo sọ.

Ìyá, ẹ rántí ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn kí n tó rìnrìn àjò. Mo ti Kùtọnu dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ kọ́ iṣẹ́ ilé ìtura, a wá bá yín lójú ọjà. Mo wọ bùláòsì funfun. Bí ẹ ṣe rí mi, ẹ dìde láàárín àwọn ìkòkò yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ na ọwọ́ méjèèjì láti gbá mi mọ́ra. Ọwọ́ náà pupa fún eruku ìkòkò dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fà sẹ́yìn.

Kò tán síbẹ̀. Mo ní ta ló tún ń ra amọ̀ láyé ìsinsìnyí. Mo nawọ́ sí ìsọ̀ Ìyá Oníke, mo ní kí ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn ń rà. Mo ní ẹ ń dójú tì mí lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi, pé tí mo bá ti gba owó àkọ́kọ́ lókè òkun, màá yọ yín kúrò nínú ẹrẹ̀. Ìyá Oníke fúnra wọn ló sọ fún mi pé ó tó, pé kí n má sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi. Ẹ̀yin bu nínú omi tí ẹ gbé wá láti mu, ẹ rọra fọ ọwọ́ yín, ìka kan lẹ́yìn èkejì, ẹ nù ún mọ́ ìró yín, ẹ wá gbá mi mọ́ra. Ẹ ní ó dáa, Àlàkẹ́. Mo rò nígbà náà pé ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ.

Láti ìgbà yẹn, Pasikáàlì ní ẹ kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Ẹ ta èyí tó kù nílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gàrí. Nígbà tí owó tí mo ń fi ránṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ilé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí wọ́n kọ́ ọ sẹ́yìn, kí wọ́n dí kòtò amọ̀ náà pa, kí wọ́n da kọnkéré lé ibi ìsunkòkò. Másọ́ọ̀nù tó fẹ́ mọ ilé náà ti kó yanrìn àti bíríkì jọ, ó ń dúró kí ẹ kó àgbàdo kúrò lóko kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, inú mi dùn. Mo sọ fún Mẹ́rílì, ọmọbìnrin ilẹ̀ Filipín tí a jọ ń gbé yàrá, pé ìyá mi ti wá gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó bá mi dúpẹ́. Àwa méjèèjì kò mọ ohun tí à ń dúpẹ́ lé lórí.

Ẹ máa ń bi mí nípa iṣẹ́ mi, mo máa ń ní ó ń lọ dáadáa. Ó ń lọ dáadáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ fún yín pé ìsàlẹ̀ pátápátá ọkọ̀ ojú omi ni mo wà, níbi tí kò sí fèrèsé. Ibẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà níbẹ̀ tóbi tó yàrá Bàbá Àgbà. Èmi àti Mẹ́rílì a máa di etí aṣọ ìbùsùn mú, òun lápá kan, èmi lápá kan, a óò fi í sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, a óò ká a, a óò tún mú òmíràn. Ooru ibẹ̀ dà bí ooru ìdí agbada gàrí. Tí mo bá wá jáde sórí ọkọ̀ láti mí sínú, atẹ́gùn òkun á gbá mi lójú, òtútù á mú mi dé egungun, n óò tún sáré wọlé padà. Gèésì táátààtá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, tí ẹnì kankan kò bá sí nítòsí, mo máa ń bá aṣọ ìbùsùn sọ̀rọ̀ ní Ànàgó, èdè ilé wa. Mo máa ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ahọ́n mi ń wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ ni.

Àwọn tó sanwó wọ ọkọ̀ náà ń lọ láti etíkun dé etíkun. Níbi tí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á lọ wo ohun àtijọ́, wọ́n á padà wá jẹun. Àwa ti ìsàlẹ̀ kì í bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé erékùṣù Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì, ẹni tó yẹ kó tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì àwọn tó ń sọ Faransé ṣàìsàn. Ọ̀gá wa sọ̀ kalẹ̀ wá, ó béèrè ẹni tó gbọ́ Faransé. Mo nawọ́. Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ àti pátákó kékeré tí wọ́n kọ nọ́mbà méje sí. Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbé pátákó náà sókè lẹ́yìn gbogbo wọn, kí n máa ka orí wọn, kí ẹnikẹ́ni má sọnù. Ìyá, bí mo ṣe jáde sínú oòrùn yẹn, tí mo rí ilẹ̀, tí mo rí ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ìyá arúgbó tó jókòó tì mí pé eruku ni.

Ibi tí wọ́n ń kó wa lọ ni Knossos. Ààfin ọba ni tẹ́lẹ̀, láyé ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán. Ó ti wó, wọ́n hú u jáde nínú ilẹ̀, wọ́n tún àwọn òpó kan gbé dìde, wọ́n kùn wọ́n ní pupa. Oòrùn mú ganrínganrín, àwọn kòkòrò ń han lórí igi bí ẹni pé wọ́n gbowó iṣẹ́. Obìnrin tó ń júwe ọ̀nà fún wa ń jẹ́ Èlénì, Faransé rẹ̀ sì dùn. Ó ń sọ̀rọ̀ ọba, ó ń sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, ó ń fi ibi tí ayaba ti ń wẹ̀ hàn wá. Ní tòótọ́, n kò gbọ́ ìdajì. Orí ni mo ń kà. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé ẹ wo àwọn èèyàn tó ti òkèèrè wá sanwó láti wo ògiri tó wó. Mo ní tí wọ́n bá rí ilé àtijọ́ Bàbá Àgbà tí òjò wó lulẹ̀, wọn ì bá sanwó ìlọ́po méjì, Bàbá Àgbà ì bá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. (Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ má bínú o. Mo fi yín ṣeré ni.)

Bí a ṣe yí igun kan báyìí, mo rí wọn.

Ìkòkò ni, Ìyá. Ìkòkò ńlá. Ó ga jù mí lọ. Mo lè wọ inú rẹ̀ kí n dúró, kí ẹnikẹ́ni má rí orí mi. Wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pupa, oòrùn ń tàn sí ikùn wọn. Èlénì ní òróró ni ọba ń kó sínú wọn, àti ọkà. Etí ìdìmú pọ̀ lára wọn, lókè àti nísàlẹ̀, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ gbé e. Lára ikùn wọn, okùn yí wọn ká, okùn tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tí ẹni tó mọ ọ́n fi ìka tẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ̀yin, ṣùkù àgbàdo lẹ máa ń yí lọ́rùn ìkòkò tiyín kó tó gbẹ, kó lè mú ọnà. Mo gbàgbé orí tí mo ń kà. Mo gbàgbé ọkọ̀. Ó dà bí ìgbà tí mo ti ilé ìwé dé, tí mo yọjú sẹ́yìn ilé, tí mo bá ìkòkò yín lórí ìlà, tí wọ́n ń gbẹ.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Ẹ̀yin ará Sakété ti mọ̀. Kò sí obìnrin Sakété kan tó máa ra ìkòkò láìkàn án. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Ìyá, kí eyín mi tó pé. Ẹ máa ń ní kí n fi egungun ìka kàn án ní ìdí, kí n kàn án ní ikùn, kí n kàn án lọ́rùn, kí n dẹ etí sí i. Tó bá pé, á dún gbangba, ohùn náà á pẹ́ kó tó lọ. Tó bá sán níbì kan tí ojú kò rí, á dún pọ̀, á kú sójú kan. Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Ó kọjá lórí okùn tí wọ́n ta síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá, ó kan ìdí ìkòkò ọba náà, ó kan ikùn rẹ̀. Mo gbé etí sí i.

Fèrè ló dún lẹ́yìn mi. Fíì! Obìnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń bọ̀, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ń ju ọwọ́, ó ń pariwo ní èdè tiwọn. Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Ìyá, àgbàlagbà ni, ó tó yín lọ́jọ́ orí, mo sì ti ṣẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú pátákó nọ́mbà méje lọ́wọ́, nínú eruku, lójú gbogbo wọn.

Ariwo ńlá ló wá sọ wàyí. Àwọn kan rò pé mo dákú ni, wọ́n ń du omi ìgò fún mi. Àwọn kan rò pé mo ń bọ ìkòkò náà, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìyá arúgbó tí mo parọ́ eruku fún di apá mi mú, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé oòrùn ló mú ọmọ náà. Obìnrin aṣọ́gbà náà dúró, fèrè sì wà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ohun tó máa ṣe mọ́. Mo ń rò ó pé tí wọ́n bá fi ẹjọ́ mi sun ọkọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ilé sì ti dúró lórí yanrìn.

Èlénì sáré padà wá bá wa. Mo ṣàlàyé fún un ní Faransé pé n kò dákú, n kò sì bọ nǹkan kan. Mo ní níbi tí mo ti wá, tí ọmọ bá ṣẹ àgbà, orúnkún ló fi ń tọrọ àforíjì. Ó túmọ̀ rẹ̀. Ojú obìnrin náà yí padà. Ó yọ fèrè lẹ́nu, ó mú mi ní ìgbọ̀nwọ́, ó gbé mi dìde, ó tún bá mi gbọn eruku kúrò ní orúnkún. Lẹ́yìn náà ó ní kí Èlénì bi mí, kí ló dé tí mo kan ìkòkò náà. Mo ní ìyá mi ń mọ ìkòkò, pé bí a ṣe ń bi í léèrè bó ṣe wà nìyẹn. Ó ní kí n sọ ohun tó dá mi lóhùn.

Mo ní ó ti fọ́. Mo ní kò dún, ohùn rẹ̀ kú, pé bó ti wù kó gún tó lójú, ó ti fọ́ rí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ ni. Obìnrin náà mú mi lọ sí ẹ̀yìn ìkòkò náà, sí ibi tó kọjú sí ògiri, tí àwọn tó ń bọ̀ wá wòran kì í dé. Ó fi ìka hàn mí láìfọwọ́ kàn án. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, ó lọ láti ọrùn dé ìdí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ́ ibẹ̀, òun kò rí ẹni tó fi etí mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù, ọkùnrin kan nínú wọn ń bi Èlénì léèrè bí wọ́n ṣe mọ ohun tó tóbi tó báyìí. Èlénì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bi mí. Mo gbé pátákó mi sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi kì í jókòó ti ìkòkò ńlá. Mo ní ìkòkò ni kì í yí, ìyá mi ló máa ń yí i ká. Mo tẹ̀ba, mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mo ń yí ibi tí ìkòkò kankan kò sí ká, mo ń fi ọwọ́ kan fa amọ̀ sókè nínú, mo ń fi ọwọ́ kejì gbà á níta, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe. Mo sọ fún wọn pé ẹ óò mọ ìdí rẹ̀, ẹ óò jẹ́ kó gbé omi mì kó le díẹ̀, ẹ óò fi ewé bo ètè rẹ̀ kó má gbẹ jù, ẹ óò padà wá lé amọ̀ mìíràn sí i lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, Ìyá, èmi tó fà sẹ́yìn fún ọwọ́ yín. Ẹnu mi ń sọ ọ́ bí ẹni pé mo ń yangàn, inú mi sì ń bà jẹ́.

Kí a tó lọ, obìnrin aṣọ́gbà náà tún pè mí. Ó tọ́ka sí abẹ́ etí ìdìmú kan. Ẹni tó lẹ etí náà mọ́ ìkòkò ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè di mọ́ra. Ojú àtàǹpàkò náà ṣì wà níbẹ̀, ó jìn, ó hàn kedere. Mo bi Èlénì pé ta ni. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀, pé orúkọ ọba gan-an, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí. Mo gbé àtàǹpàkò mi sí iwájú rẹ̀ lókèèrè díẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù fèrè ń bà mí. Ó bá a mu. Mo wá rántí pé ẹ̀yin náà máa ń tẹ àtàǹpàkò yín sábẹ́ ètè gbogbo ìkòkò tí ẹ bá mọ. Mo bi yín nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí nìyẹn, ẹ ní kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan ló ṣe é. Mo sunkún níbẹ̀, Ìyá. N kò fi eruku ṣe àwáwí mọ́.

A pẹ́ kí a tó dé ọkọ̀, ọ̀gá mi sì bá mi wí. Ó ní ẹni tí wọ́n rán láti ka orí èèyàn ló lọ ń kan ìkòkò. Ó ní n kò tún ní tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì kankan mọ́. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ kejì, Mẹ́rílì di etí aṣọ kan mú, mo di ìkejì mú, n kò sì lè yọ àtàǹpàkò yẹn kúrò lọ́kàn mi.

Nítorí náà, Ìyá mi, mo wà lórí orúnkún níwájú yín, níwájú Ìyá Oníke, níwájú gbogbo ọjà Sakété. Ohun tí mo sọ kò dára. Ẹ kò dójú tì mí rí. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí ìyá rẹ̀ ni mo sọ, torí bùláòsì. Ẹ dárí jì mí.

Másọ́ọ̀nù, tí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan kòtò yẹn. Èmi ni mo ń fi owó ilé ránṣẹ́, èmi náà ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ kó bíríkì yín lọ síwájú ilé, níbi tí ọgbà ewúrẹ́ wà. Tí àyè ibẹ̀ bá kéré, kí ilé náà kéré. Àwọn ewúrẹ́ ni kó wá ibòmíràn lọ.

Ìyá, n kò sọ pé ìkòkò yóò tún máa tà bíi ti àtijọ́. Mo mọ iye bàsíà tí Ìyá Oníke ń tà lójúmọ́, kí Ọlọ́run túbọ̀ bù sí i. N kò sì sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ padà sídìí amọ̀. Ẹ̀yìn yín ti ń ro yín. Tó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ yín, ẹ sinmi, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ó rẹ̀ yín ni ẹ ṣe dúró, kó má ṣe jẹ́ torí pé ọmọ yín fà sẹ́yìn fún ọwọ́ yín. Kòtò náà, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Pasikáàlì ní fọ́tò ìkòkò ọba yẹn lórí fóònù rẹ̀, mo yà á kí a tó kúrò níbẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí i, ẹ ní kó fi okùn ara ìkòkò náà hàn yín. Mo mọ̀ pé ẹ óò wò ó títí, ẹ óò sì rí ibì kan tí ẹni náà kò ti ṣe é dáadáa tó tiyín.

Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, kí wọ́n máa lo oògùn ẹsẹ̀ wọn. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ wa, àti àwọn ìyá Aguidi, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin zémì tí ẹ máa ń pariwo mọ́. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Àìsàn kò ní mọ ọ̀nà ilé wa. Oko yóò so, ọjà yóò tà, ẹsẹ̀ tí mo fi lọ náà ni màá fi padà wá kí yín.

Tí àkókò iṣẹ́ mi bá parí, ọjà Sakété ni màá gbà kí n tó wá sílé. Bùláòsì funfun yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun ni màá wọ̀ wá. Iṣẹ́ ìfọṣọ ni mò ń ṣe, Ìyá, kò sí àbàwọ́n tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Èyí tí ọwọ́ yín bá fi sí i, n kò ní fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ti padà sídìí amọ̀, tí ẹ sì rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ kàn dìde láàárín àwọn ìkòkò yín. Ẹ má fọ ọwọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,

Àlàkẹ́